Búlọ́ọ̀kù Méjì Tí Alẹ̀wé Dì

Ìwé dídì ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Kì í tẹ ìwé, kì í ta ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ka ìwé. Dídì ló ń dì í. Ìwé tí èkúté ti jẹ létí, ìwé tí ọmọ iléèwé ti sọ di ìrọ̀rí, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán nítorí pé orin kan ṣoṣo ni ẹni tó ni ín fẹ́ràn, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà padà wá sáyé. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì gígùn kan, irin tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kó lè lẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá, òwú tó fi ìda pa, àti agolo gúlúù tí kò ní ọmọrí. Alẹ̀wé ni àdúgbò ń pè é. Gúlúù kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìwọ lo máa kọ́kọ́ fa tìrẹ yọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti sú gbogbo àwa ará ilé: “Ẹ̀yìn ìwé ni tèmi. Inú rẹ̀, ẹni tó ni ín ló mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un kí Ọlọ́run tó pè é. Àkọ́bí di agbẹjọ́rò, ó sì ń gbé níbi tó jìnnà. Lọ́yà la ń pè é. Obìnrin ló tẹ̀ lé e, òun là ń pè ní Àárín. Àbíkẹ́yìn, obìnrin ni òun náà, Kékeré ni ìyá rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tẹ orí ba báyìí kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Èmi, àbúrò bàbá wọn, ni mo wá ń ṣe bí ìyá fún wọn, ní ìwọ̀nba tí Ọlọ́run fún mi ní ẹnu láti fi bá wọn wí.

Nígbà tí Lọ́yà wọ kíláàsì àgbà, ìyá wọn ló ra ìwé fún un, ìwé mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ mẹ́fà: èdè, ìṣirò, báọ́lọ́jì, lítíréṣọ̀, ìtàn, àti ètò ìjọba. Ó fi bébà kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú. Bí Lọ́yà ṣe jáde iléèwé, ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, ó rán mẹ́ta pọ̀, ó rán mẹ́ta yòókù pọ̀, ó fi páálí tó le àti aṣọ pupa bò wọ́n, kàlẹ́ńdà ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú lọ́hùn-ún. Ó ní kí ohunkóhun má baà sọnù. Kò to àwọn ìwé náà bí inú wọn ṣe bára tan o. Bí wọ́n ṣe ga ló fi tò wọ́n. Bó ṣe di pé ìtàn dùbúlẹ̀ láàárín ìṣirò àti báọ́lọ́jì nìyẹn.

Búlọ́ọ̀kù ni àwọn ọmọ ń pè wọ́n. Àárín rù wọ́n títí tó fi jáde. Olùkọ́ ìṣirò bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé bàbá rẹ̀ ń kọ́lé sí kíláàsì ni. Nílé wọn, ọmọ tó bá wọ kíláàsì àgbà kì í yan ẹ̀kọ́ tó máa kà. Búlọ́ọ̀kù ló ń yan ọmọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tí Kékeré wọlé pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ó kí mi ní ìkíni ìdajì, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì náà.

“Ta ló lù ẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó lù mí, Àǹtí.”

“Ta lo lù?”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò sí nínú kíláàsì tí mo wà.”

Mo gbé aṣọ sílẹ̀. Mo ní kó tún un sọ, kó sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀.

Ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín wọn sí kíláàsì àgbà, bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí bébà áàtì bó ṣe ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ áàtì yà sápá òsì, Kékeré yà sápá ọ̀tún pẹ̀lú àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, ó jókòó sẹ́yìn, kò sì dìde níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìwé kẹ́mísìrì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a wò. Olùkọ́ áàtì rò pé ó ti kúrò ní iléèwé. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rò pé orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Bí àwọn tó mọ̀wé ṣe ń tọ́jú ọmọ ẹni nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni igbákejì ọ̀gá iléèwé, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aago nítorí pé kì í fi ìṣẹ́jú kan ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, wọ kíláàsì wá ka orí wọn, ó sì rí i pé orí kan lé.

“Wọ́n ní kí Bàbá wá fọwọ́ sí ti sáyẹ́ǹsì kí àwọn tó ti ọ́fíìsì ní aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la,” Kékeré wí. “Ọ̀la ni wọ́n ń kó orúkọ gbogbo wa lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò àṣejáde. Tí Bàbá ò bá wá, ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni mo máa ṣe. Ìtàn, Àǹtí. Mi ò tí ì ṣí ìtàn rí.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún bàbá ẹ látìbẹ̀rẹ̀?”

“Mo sọ. Mo ní mo fẹ́ di apòògùn. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é. Wọ́n wá gbé Búlọ́ọ̀kù fún mi.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì mi: ó ti fi èékánná ha á funfun.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kékeré dúró síta, ó ní òun ń gba atẹ́gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń rán ìwé ńlá kan, ojú rẹ̀ sún mọ́ abẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gba àṣírí lẹ́nu rẹ̀.

“Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á fún yín lókun.”

“Tó o bá ti kí mi gùn báyìí, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan.”

“Kò tí ì bàjẹ́. Ọ̀la ló máa bàjẹ́.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gún un bọ bébà mọ́.

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.”

“Búlọ́ọ̀kù ńkọ́?”

Ẹ gbọ́ mi: kò béèrè ọmọ, Búlọ́ọ̀kù ló béèrè. Mo ní ó ń rù ú lọ, ó ń rù ú bọ̀, èdè, ìṣirò àti báọ́lọ́jì nìkan ló ń rí lò nínú rẹ̀.

“Ọmọ yìí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́,” ó wí jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ náà ló sì bà mí lẹ́rù.

“Bùọ̀dá, apòògùn ló fẹ́ dà.”

“Ṣé mo ní kó má dà á ni? Kó ka ohun tó wà nílẹ̀, kó yege, kó lọ di apòògùn. Lọ́yà ka ìwé yìí, yunifásítì gbà á. Àárín ka ìwé yìí, ó yege ju Lọ́yà lọ, òun fúnra ẹ̀ ló ní yunifásítì ò wu òun mọ́. Mẹ́fà ni wọ́n ní kéèyàn yege. Mẹ́fà nìyẹn.”

“Mẹ́fà ju mẹ́fà lọ. Ẹni tó fẹ́ po oògùn, kẹ́mísìrì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í, wọ́n á tún bi í ní físíìsì. Tí kò bá ní in, kó gba gbogbo máàkì tó wà nínú ìtàn, ìta ló máa dúró sí. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ò lè ṣí ilé mi, Bùọ̀dá.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Ìwọ tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ lo ti máa ń wo géètì yunifásítì tó o bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Ọmọ mi mẹ́rin ló jáde níbẹ̀. Lóòótọ́ ni mi ò wọlé, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wọn dé ẹnu ọ̀nà.”

Nígbà mìíràn, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló na ọwọ́ sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí Búlọ́ọ̀kù máa ń wà nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ó sì fọwọ́ nu ojú ibẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀.

“Ìyá wọn ló ra ìwé yẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi bò ó. Mi ò ní fọwọ́ sí bébà kankan tó máa sọ ọ́ di ohun à ń fi dí ilẹ̀kùn. Ó ti tán.”

Ó gún abẹ́rẹ́ bọ bébà.

Nígbà tí mo jáde, Kékeré ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá tù mí lára. Ó kàn ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí,” bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọkọ̀ ti lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀. Mo ní, Olúwa, Ìwọ tó ń la ọ̀nà níbi tí ọ̀nà ò sí, O mọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìwọ lo dá a, O sì mọ irú gúlúù tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Mi ò tí ì ṣe àmín tí Àárín fi wá sí mi lọ́kàn. Nínú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni bàbá rẹ̀ máa ń gbọ́ tirẹ̀, nítorí pé kì í béèrè nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn ni Àárín ń ṣiṣẹ́, nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì. Òun ló ń wá káàdì aláìsàn jáde, tó ń júwe yàrá tí wọ́n máa lọ fún wọn. Èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Mo tò bí aláìsàn, oòrùn sì ń gòkè ní tirẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kàn mí, Àárín gbé ojú sókè.

“Àǹtí! Kí ló ń ṣe yín?”

“Bàbá ẹ ló ń ṣe mí.”

Mo sáré sọ ọ́ fún un. Mo ní kó wá bá mi bẹ bàbá rẹ̀ kí Ìyá Aago tó ti ilẹ̀kùn. Ó di káàdì ẹnì kan mú, ó ń wò ó bí ẹni pé orúkọ tirẹ̀ ló wà lára rẹ̀.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi húkọ́. “Ìyá, ṣé ẹ ti gba tiyín tán?”

“Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá. Àìsàn tèmi ti pẹ́.”

Àárín wá sún mọ́ fèrèsé. “Àǹtí, irọ́ ni mo pa. Yunifásítì wù mí. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ rántí èsì ìdánwò mi? Ẹ̀yin náà jó nínú pálọ̀. Mo gbé e débẹ̀. Ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wá yí i padà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, bí ẹni pé kẹ́mísìrì bọ́ sẹ́yìn bébà. Ó ní, ‘Ọmọ dáadáa, o yege, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó o fi yege kọ́ la ń gbà níbí.’ Mo délé, mo bá Bàbá, wọ́n ń fi aṣọ nu Búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ de Kékeré. Kí ni kí n wá sọ?”

Mo na ọwọ́ gba inú fèrèsé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Wá sọ ọ́ fún wọn,” mo ní. “Báyẹn gan-an. Má fi kún un, má yọ kúrò.”

“Ó máa dùn wọ́n.”

“Ṣebí ibí lo ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ wo ló ń woni sàn tí kì í dunni?”

Ó bẹ ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ kó bá òun di fèrèsé mú. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé ti kún, èkejì kò tilẹ̀ dúró, la bá fẹsẹ̀ rìn. Mo ń rìn, mo ń gbàdúrà, mo ń wo òjìji mi tó ń kúrú sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ètè Àárín ń mì bó ṣe ń rìn. Mo mọ̀ pé ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú, kó má baà gbàgbé bó ṣe gbóyà sọ ọ́ fún mi.

Orí ìwé ọjọ́ àná náà la bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́.

“O ti lọ kó ẹlẹ́rìí wá,” ó sọ fún mi.

“Bàbá,” Àárín wí, kò jókòó, “mi ò wá bẹ̀ yín. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni mo wá sọ.”

Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń rán, abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde. Ó kan ibi tí ọkùnrin yẹn ti yí èsì ìdánwò padà, òwú já. Òwú tí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ìda pa kì í já. Èyí já.

“Ó yí i padà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O wá délé, o sọ fún mi pé káàdì pínpín lo fẹ́ràn.”

Omi ti kún ojú Àárín, kò sì jẹ́ kó bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo òwú tó já, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ti ń retí ìbínú, mo ti tilẹ̀ múra ohun tí màá fi dá a lóhùn sílẹ̀. Kò wá. Ó dìde lójijì, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàtà mi dà?”

“Ó wà lẹ́sẹ̀ yín, Bùọ̀dá.”

Ní iléèwé, a bá Ìyá Aago níbi tó ti ń yí kọ́kọ́rọ́, ìdì bébà wà ní abíyá rẹ̀, awakọ̀ sì ń fun fèrè níta. Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó lé Búlọ́ọ̀kù méjèèjì. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀ ló fò dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi síkẹ́ẹ̀tì nu orí wọn.

“Mo ti tì í,” Ìyá Aago wí.

“Ẹ bá mi ṣí i, Màmá,” ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Aago tí mo dá ti lù.”

“Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọlé kí ẹ tó máa bínú.”

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gúlúù, ó wo ọmọ tó dúró sára ògiri. Awakọ̀ tún fun fèrè. Ó mí kanlẹ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ padà.

Ó gbé bébà kalẹ̀. “Ẹ gbọ́ o, Bàbá. Lẹ́yìn òní kò sí àtúnṣe. Tí kẹ́mísìrì bá gbé e ṣubú, kò sí ìtàn tó máa sá padà sí. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí?”

“Ẹ kà á fún mi.”

“Ẹ ò lè kà ni?”

“Mo lè kà. Àwọn tí mo ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni mi ò kà.”

Ó kà á: èdè, ìṣirò, báọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì, físíìsì, jọ́gíráfì. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka kà wọ́n tẹ̀ lé e.

“Èyí ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ àwọn apòògùn?”

“Èyí ni wọ́n ń gbà.”

“Wọn ò ní yí i padà wo ẹ̀yìn ẹ̀?”

Ìyá Aago kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n Àárín mọ̀ ọ́n, ó sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Kékeré. “O máa lè ṣe é?”

“Màá ṣe é, Bàbá.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ó wù ẹ́. Mo ní o máa lè ṣe é?”

“Èmi ni mo ṣe ipò kejì nínú kẹ́mísìrì,” Kékeré wí, omijé tí kò dà lánàá sì dà.

Ó fọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bébà náà, Ìyá Aago sì ní láti fà á. “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ fi bébà mi sílẹ̀ ká lè lọ!” Ó jáde, ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa gbà, ó lọ. Mo jókòó sórí Búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì rí mi, kò ní kí n dìde.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé méjèèjì sórí tábìlì. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀ tó tín-ín-rín. Ó pẹ́ kó tó fi kan aṣọ pupa yẹn. Mo tilẹ̀ rò pé kò ní lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ló la ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àárín di ìdí ìwé mú fún un kó má baà ya. Ìṣirò kọ́kọ́ jáde, kàlẹ́ńdà ìyá wọn ṣì bò ó, àwòrán òkè kan pẹ̀lú òdòdó, àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣá. Ó gbé e fún Kékeré. Báọ́lọ́jì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èdè, láti inú Búlọ́ọ̀kù kejì. Ìtàn, lítíréṣọ̀ àti ètò ìjọba, ó kó wọn jọ, ó gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

“Lọ́yà á rí ohun ìrántí,” mo ní.

“Ìwọ, dákẹ́ ná.” Ó ti ń wá rúlà rẹ̀. “Kékeré, kẹ́mísìrì tí màá rà yẹn, báwo ló ṣe ga tó?”

Kékeré fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fa ìlà sórí páálí, ó gé méjì, ti iwájú ìwé àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún fa ìlà fún méjì mìíràn, bákan náà gẹ́lẹ́.

“Bàbá, ìwé kan ni,” Kékeré wí.

“Mo mọ̀ pé ìwé kan ni tìẹ.” Kò gbé ojú sókè. “Àárín, ẹni tó ń pín káàdì, ṣé wọ́n ní kó má padà lọ ṣe ìdánwò kẹ́mísìrì ni?”

Àárín ṣì di ìdí ìwé tó ti tú náà mú. Kò fi sílẹ̀.

“Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

“Ẹn-ẹn.” Ó tẹ ọ̀bẹ mọ́ páálí. “Bá mi di rúlà mú.”